Lẹ́tà sí Àkànní Lórí Bí A Ṣe Ń Kúrò Nínú Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù

Òkè-Ẹlẹ́rìn,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Àkànní ọmọ mi,

Ìyá rẹ ti jẹ́ kí n gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo ní kí ó tún un gbé kí n tó mú bírò, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń yára sọ lórí fóònù. O ní ẹgbẹ́ kan ní òkè òkun ń fẹ́ ọ, pé ẹgbẹ́ tí o wà kò tíì fẹ́ yọ̀ǹda rẹ, àti pé ìmọ̀ràn tí aṣojú rẹ gbà ọ́ ni pé kí o ní ẹsẹ̀ ń dùn ọ́, kí o má yọjú síbi ìgbáradì mọ́, títí ọ̀rọ̀ rẹ yóò fi sú àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́, tí wọn yóò sì tà ọ́ ní owó pọ́ọ́kú. Ìdáhùn mi ni pé kí o má ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí ohun tí ó ń dé bá ẹni tí ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tí ó sì sá fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbẹ̀rù ẹjọ́ nìkan ni ó ń mú mi sọ̀rọ̀, nítorí náà, ní sùúrù kí o ka lẹ́tà yìí dé òpin.

N kò sọ pé kí o dúró síbẹ̀ títí ayé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wo ni yóò pe ìrìn-àjò ní ìwà ọ̀dàlẹ̀? Àwọn baba wa ni wọ́n fi òwò dé Gáánà, tí wọ́n dé Jọ́ọ̀sì àti ọ̀pọ̀ ìlú ní Òkè Ọya, tí wọ́n pẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n bímọ síbẹ̀; nígbà tí ìjọba Gáánà sì lé àwọn àjèjì lọ ní ọdún 1969, ìlú yìí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn padà wá bá, ó sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé wọ́n ti kọ ilé sílẹ̀ nítorí pé wọ́n wá oúnjẹ òòjọ́ wọn lọ sí ibòmíràn. Bí ó ti rí nínú òwò náà ni ó rí nínú bọ́ọ̀lù. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn láti ọdún 1970 títí ó fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 1984. Ó wà lára àwọn tí ó borí Tonnerre ti Yaoundé ní ọdún 1976 láti gba ife Cup Winners' Cup, èyí tí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ kan láti Nàìjíríà yóò gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ràṣídì Yẹkínì ní tirẹ̀ kò jókòó sójú kan: ó ti Kàdúná wá sí Shooting Stars, ó lọ sí Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, ó kọjá sí Africa Sports ní Abidjan, ibẹ̀ ni ó sì gbà dé Vitória Setúbal ní Pọ́túgàl, níbi tí ó ti gbá góòlù 21 wọlé nínú líìgì sáà 1993 sí 1994, kí ó tó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Àgbáyé sínú àwọ̀n Bùlgáríà. Ìbàdàn náà ni ó kú sí ní ọdún 2012. Mo ti bá ọ̀pọ̀ àgbà alátìlẹyìn Shooting Stars sọ̀rọ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí mo gbọ́ tí ó fi lílọ Yẹkínì ṣe ẹ̀sùn. Ẹni tí ó dúró àti ẹni tí ó lọ, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń fi orúkọ wọn yangàn.

Ohun tí mo ń pè ní ìdúróṣinṣin kò ju pé kí ẹgbẹ́ rí gbogbo agbára rẹ níwọ̀n ìgbà tí àdéhùn bá wà láàrin yín, kí ó sì jẹ́ pé ẹnu rẹ ni wọn yóò ti gbọ́ pé o fẹ́ lọ. O mọ àwọn ọmọṣẹ́ télọ̀ tí ó wà ní ojúde wa. Ọjọ́ tí wọ́n bá gba òmìnira, ọ̀gá wọn a súre fún wọn lójú òbí wọn àti lójú ẹgbẹ́ oníṣẹ́, wọn a sì gbé ìwé ẹ̀rí dání lọ. Ẹni tí ó bá sá lọ nígbà tí ó ku oṣù díẹ̀ lè mọ aṣọ rán ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ibikíbi tí ó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ni wọn yóò ti máa bi í pé ọwọ́ ta ni ó ti gba òmìnira. Aṣojú rẹ ń fẹ́ kí o sá lọ, owó tí yóò wọ àpò rẹ̀ ni ó sì ń wò.

Mo ti ka ìwé àdéhùn tí ìwọ àti ẹgbẹ́ náà jọ tọwọ́ bọ̀, nítorí pé ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ọdún mẹ́ta ni, o kò sì tíì lò ju ọdún kan àbọ̀ lọ nínú rẹ̀. Òfin FIFA, àjọ tí ó ń darí bọ́ọ̀lù lágbàáyé, sọ pé ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tí o wà kí wọ́n tó bá ọ sọ ohunkóhun, àti pé ìwọ fúnra rẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti bá ẹgbẹ́ mìíràn tọwọ́ bọ̀wé àyàfi bí ó bá ku oṣù mẹ́fà tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ kí àdéhùn rẹ parí. Ẹni tí ó bá já àdéhùn láìnídìí láàrin ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 28 nígbà tí ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, yóò san owó gbà-má-bínú fún ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lè fòfin dè é fún oṣù mẹ́rin láì gbá bọ́ọ̀lù ìdíje kankan. Ǹjẹ́ aṣojú yẹn sọ èyí fún ọ? Àwọn kan yóò sọ fún ọ pé ẹjọ́ Bosman ti sọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù di òmìnira. Jean-Marc Bosman, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ni àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Liège parí ní ọdún 1990, tí ẹgbẹ́ náà sì tún ń béèrè owó kí ó tó lè lọ sí Dunkerque ní ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1995 ni ilé ẹjọ́ gíga ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá a láre. Òmìnira tí ó jà fún ni ti ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ti parí, kì í ṣe ti ẹni tí ó ń díbọ́n pé ẹsẹ̀ ń dun òun.

Wo àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Mikel Obi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18 ní ọdún 2005 nígbà tí ó tọwọ́ bọ̀wé láti kúrò ní ẹgbẹ́ Lyn ní Nọ́wè lọ sí Manchester United, tí wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù United lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí ó fi sọ pé wọ́n fúngun mọ́ òun ni, pé Chelsea ni ọkàn òun wà. Aṣojú ń fà á síhìn-ín, ẹgbẹ́ ń fà á sọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ FIFA, kò sì yanjú títí di oṣù Kẹfà ọdún 2006, nígbà tí Chelsea gbà láti san mílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn fún United àti mílíọ̀nù 4 fún Lyn. Lẹ́yìn náà ni ó wá fi ju ọdún mẹ́wàá lọ sin Chelsea tọkàntọkàn, tí ó sì bá wọn gba ife Champions League ní ọdún 2012. Ènìyàn tí ó lè dúró ti ẹgbẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni, síbẹ̀ ìwé tí wọ́n mú un tọwọ́ bọ̀ nígbà tí kò tíì gbọ́n tán gba èyí tí ó ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Chelsea ní owó láti fi tún un ṣe. Ta ni yóò san irú owó bẹ́ẹ̀ fún ọ?

Ti Peter Odemwingie tún dùn mí ju ti Mikel lọ, nítorí pé àgbà ni òun. Ó ti gbá góòlù 15 wọlé nínú líìgì ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní West Bromwich Albion, orúkọ rẹ̀ sì dùn lẹ́nu àwọn ènìyàn ibẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2013, ọjọ́ tí wọ́n ń ti ọjà agbábọ́ọ̀lù, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí pápá Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì gbà láti tà á. Wọn kò jẹ́ kí ó wọlé. Kámẹ́rà dojú kọ ọ́ nínú ọkọ̀, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì kò fẹnu kò, ó sì di dandan kí ó padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó ti kẹ́yìn sí, títí ó fi lọ sí Cardiff ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Títí di òní, ọkọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí ju góòlù rẹ̀ lọ, mo sì kà á sí ìyà ńlá tí kò tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí o rò pé mo ń gbè sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́. Má fi ẹgbẹ́ kankan ṣe òrìṣà. O fúnra rẹ rí ohun tí ojú Victor Osimhen rí ní Napoli: góòlù 26 ni ó gbá wọlé nínú líìgì ní sáà tí wọ́n gba ife náà ní ọdún 2023, lẹ́yìn ọdún 33 tí wọ́n ti gbà á kẹ́yìn, síbẹ̀ kí oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà tó parí, ojú ewé TikTok ẹgbẹ́ náà gan-an ni wọ́n ti fi fídíò ṣe ẹlẹ́yà rẹ̀ nítorí pẹ́náltì tí ó sọnù. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí títà rẹ̀ kò bọ́ sí i, wọ́n ra Romelu Lukaku láti rọ́pò rẹ̀, wọn kò sì kọ orúkọ Osimhen sínú àwọn tí yóò gbá líìgì, kí Galatasaray ti Tọ́kì tó wá yá a lọ.

Ìtàn tí ó wà lọ́kàn mi jù nípa ọ̀rọ̀ yìí ni ti Alessandro Del Piero ti Juventus. Nígbà tí wọ́n já Juventus sí ìpele kejì ní Ítálì ní ọdún 2006 nítorí ẹ̀sùn pé àwọn aláṣẹ wọn ń darí yíyan rẹfirí, Ibrahimović àti Vieira lọ sí Inter, Cannavaro àti Emerson lọ sí Real Madrid, n kò sì dá ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́bi, nítorí pé ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó tà wọ́n. Ṣùgbọ́n Del Piero dúró. Aṣọ́lé wọn Buffon dúró, Nedvěd dúró, Trezeguet náà dúró. Del Piero àti Buffon ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ife Àgbáyé ní oṣù Keje ọdún náà ni, kò sì sí ẹgbẹ́ ní Yúróòpù tí kò ní fẹ́ wọn, síbẹ̀ ìpele kejì ni wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo sáà yẹn. Góòlù 20 ni Del Piero gbá wọlé, òun ni góòlù rẹ̀ pọ̀ jù ní ìpele náà, wọ́n sì padà sókè ní ọdún 2007. Kí ni ẹgbẹ́ fi san án fún un? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011, ààrẹ ẹgbẹ́ kéde ní gbangba pé sáà yẹn ni yóò jẹ́ ìgbẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí sáà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 19 ni ó sì lò lọ́dọ̀ wọn kí ó tó lọ ní ọdún 2012, lẹ́yìn tí ó ti bá wọn gba ife líìgì lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò pariwo, kò takú sílé, ó gbá bọ́ọ̀lù dé ọjọ́ tí ó kẹ́yìn. Mo ti ronú sí i gan-an pé bóyá ẹgbẹ́ náà ṣe àìdáa. Ní ìdájọ́ tèmi, ó yẹ kí wọ́n pè é jókòó kí wọ́n tó sọ ọ́ sí etí ayé, ṣùgbọ́n wọn kò já àdéhùn: wọ́n san gbogbo ohun tí wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì jẹ́ kí ìwé rẹ̀ pé. Ìyẹn ni gbèsè tí ẹgbẹ́ jẹ agbábọ́ọ̀lù. Èyí tí ó bá lé lórí ìyẹn, oore ni.

Irú oore bẹ́ẹ̀ sì wà. Nígbà tí Inter ti Milan ra Nwankwo Kanu lọ́wọ́ Ajax ní ọdún 1996, tí àwọn dókítà wọn sì rí i pé ọkàn rẹ̀ ní àrùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé bọ́ọ̀lù ti parí fún un. Inter kò lé e lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n ní sùúrù títí ó fi padà sórí pápá ní ọdún 1997, kí ó tó lọ sí Arsenal ní ọdún 1999. Ó ṣeé ṣe kí o pàdé irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ. Bí o bá pàdé wọn, mọ rírì wọn, ṣùgbọ́n má ṣe gbé ìgbésí ayé rẹ lé orí pé wọn yóò wà.

Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ rẹ jẹ ọ́ ní owó oṣù kan báyìí, mo sì mọ̀ pé ó wà lára ohun tí ó ń bí ọ nínú. Ìbínú rẹ tọ̀nà. Ẹni tí ó ń fẹ́ kí ọmọ ènìyàn ṣe olóòótọ́ sí òun kò gbọdọ̀ jẹ owó iṣẹ́ rẹ̀. Òfin FIFA kò fi ọ́ sílẹ̀ nínú èyí: bí ó bá di owó oṣù méjì tí wọn kò san lásìkò, kọ ìwé sí wọn, fún wọn ní ó kéré tán ọjọ́ 15 láti san án, bí wọn kò bá sì san án, o ní ìdí tí ó tọ́ láti fòpin sí àdéhùn náà láìjẹ̀bi. Bí ó bá dé orí ìyẹn, èmi fúnra mi ni yóò bá ọ kọ lẹ́tà náà, a ó sì wá agbẹjọ́rò. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí o fi irọ́ ẹsẹ̀ dídùn ba ẹ̀tọ́ tí o ní jẹ́, nítorí pé ọjọ́ tí o bá pa irọ́ yẹn ni ẹjọ́ yóò yí padà, tí ajigbèsè yóò sì di olùpẹ̀jọ́.

Ó ku ohun kan tí ó ká mi lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nínú ìwé tí aṣojú náà fi ránṣẹ́ sí ọ, tí o sì fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, mo rí ibi tí ó kọ ọ́ sí pé o kò ní ẹgbẹ́ kankan kí o tó dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí o wà yìí. Irọ́ ni, ìwọ náà sì mọ̀ pé irọ́ ni. Láti ìgbà tí o ti pé ọmọ ọdún 12 títí tí o fi pé ọmọ ọdún 17 ni kóòṣì rẹ fi ń tọ́ ọ nílé yìí, nínú ẹgbẹ́ tí ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí òfin ti wí. Òun ni ó ra bàtà bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ fún ọ nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì mi kò tíì jáde, ìyàwó rẹ̀ sì ń bù oúnjẹ fún ọ bí ọmọ inú rẹ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, òfin ti ya ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 dé 23: ìdámẹ́rin ìdá kan, ìyẹn 0.25, fún ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 dé 15, àti ìlàjì ìdá kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó kù. Ṣírò rẹ̀ wò: ọdún mẹ́fà tí ó lò pẹ̀lú rẹ jẹ́ ìdá 2. Bí wọ́n bá rà ọ́ ní 100,000 dọ́là, 2,000 dọ́là jẹ́ ti ẹgbẹ́ kóòṣì rẹ, owó náà kò sì ní ti inú àpò tìrẹ jáde. Bàtà àti bọ́ọ̀lù mélòó ni ìyẹn yóò rà fún àwọn ọmọ tí ó ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré ní pápá wa lónìí? Adìẹ kì í gbàgbé ẹni tí ó tu ú níhùúhù nígbà òjò. Bí o bá jẹ́ kí wọ́n pa orúkọ ẹgbẹ́ ọkùnrin yẹn rẹ́, kì í ṣe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ni o dalẹ̀, ènìyàn ni.

Ti àwọn alátìlẹyìn kò gùn. Má fẹnu ko àmì ẹgbẹ́ lójú wọn bí o bá mọ̀ pé o ń wá ọ̀nà àtilọ. Sáré fún wọn, ìyẹn ti tó.

Nítorí náà, ní ọ̀la, lọ síbi ìgbáradì, kí o sì gbá bọ́ọ̀lù bí o ti ń gbá a. Bẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá yín kí ó fún ọ ní àyè, sọ fún un fúnra rẹ pé ẹgbẹ́ kan ń fẹ́ ọ àti pé o fẹ́ lọ, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kí ó mú ọ dé ọ̀dọ̀ alága. Sọ fún aṣojú rẹ pé kí ẹgbẹ́ òkè òkun náà kọ̀wé sí ẹgbẹ́ yín tààrà. Bí wọ́n bá fẹ́ ọ lóòótọ́, kíkọ lẹ́tà kò ní nira fún wọn. Béèrè ìwé àṣẹ tí FIFA fún un lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì ya fọ́tò rẹ̀ fún mi. Bí ó bá bínú nítorí pé o béèrè, jẹ́ kí n mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Má tọwọ́ bọ ohunkóhun kí n tó kà á, ìbáà jẹ́ ojú ewé kan péré.

Mo ti kàn sí kóòṣì rẹ kí n tó kọ lẹ́tà yìí, ó sì ní àwọn ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ láti ọdún àkọ́kọ́ wà nínú àpótí òun. Mo máa ṣe ẹ̀dà wọn lọ́jọ́ Ajé, màá sì fi wọ́n sínú ọkọ̀ pẹ̀lú èlùbọ́ tí ìyá rẹ ti dì fún ọ. Fún akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ní ẹ̀dà kan, kí o sì mú ọ̀kan sọ́wọ́. Mo ń retí ohun tí alága bá sọ.

Èmi ni bàbá rẹ.